Ìbọn Tí Wọ́n Gé Ní Ilé Ìdáná Ìyábùnmi

Inú ìdì igi ìdáná ni ìbọn náà bá wọlé. Fábọ̀dé ọdẹ ni ó rù ú wá láti Oko-Akarè ní ọ̀sán gangan, ó ń rìn bí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ rán níṣẹ́ tí kò wù ú. Ó kọjá níwájú àgbẹ̀dẹ Ògúnsànyà, níbi tí koríko ti hù yí ẹwìrì ká láti ìgbà tí òyìnbó ti pàṣẹ pé alágbẹ̀dẹ kankan kò gbọdọ̀ finá mọ́ ní gbogbo agbègbè Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Kò yà síbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ó sì sọ ẹrù náà kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, lẹ́sẹ̀ Ìyábùnmi, ìyàwó alágbẹ̀dẹ, tó jókòó tó ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ìyá Abọ́dúndé, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní yàrá. Ta ló ní kó o bá mi ṣẹ́gi?"

"Igi kọ́, ìyá. Ẹ bá mi pè wọ́n."

Ọdún kejì nìyẹn tí àwọn òyìnbó ti ń bá ara wọn jagun ní ìlú tiwọn. Ogun tí wọn kò pè wá sí, tí a kò mọ ẹni tó jẹ̀bi níbẹ̀, ni wọ́n wá ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ kún. Ibòmíràn gbà. Àwọn ará ilẹ̀ dúdú, ìyẹn agbègbè amọ̀ dúdú wa yìí, láti Masẹ̀ títí dé Tatonnonkon, ní àwọn kò gbà. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọn sínú igbó, wọ́n fa ṣakabùlà yọ lórí àjà, wọ́n sì bá sọ́jà jà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n borí. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni wọ́n rí ìbọn òyìnbó kan gbà, lọ́wọ́ sọ́jà tí ẹrẹ̀ gbé dé ìbàdí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá fi sílẹ̀.

Ògúnsànyà jáde, ó tú ìdì igi náà, ó sì pòṣé. Ẹnu ìbọn ọ̀hún ti ya sí mẹ́rin, ó ṣí síta bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bó dé ìdajì.

"Ta ló ṣe irú èyí sí i?"

"Èmi ni, Bàbá." Fábọ̀dé kò gbójú sókè. "Mo ṣubú ní Tatonnonkon, ẹnu rẹ̀ wọ inú amọ̀. N kò nù ún. Sọ́jà ń bọ̀, mo kàn yìn ín ni."

"Ìwọ ọdẹ."

"Èmi ọdẹ, Bàbá."

"Dúpẹ́ pé ojú rẹ ṣì wà lórí rẹ. Ọta mélòó ló kù?"

Fábọ̀dé tú kókó etí aṣọ rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, Àlàgbé fúnra rẹ̀ dé, arúgbó olójú kan tó ń darí gbogbo àwọn ajagun ilẹ̀ dúdú. Ògúnsànyà dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ògúnsànyà, ọmọ owú tí í lu irin tí irin í fèsì, ọmọ ẹmú tí kì í sá fún iná, dìde." Àlàgbé jókòó lórí àpótí, ó nawọ́ gba omi lọ́wọ́ Ìyábùnmi, ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀. "Ní ọ̀túnla, òyìnbó tó ń kó sọ́jà kiri yóò gba inú ọ̀pẹ Masẹ̀ wá sí Oko-Akarè. Ìwọ náà mọ ohun tó wà ní Oko-Akarè."

"Àwọn ọmọ wa ni, Bàbá."

"Àwọn ọmọ wa. Ó lé ní igba. Òjò ń ṣú lójoojúmọ́, kò tíì rọ̀ ni. Bí òjò ńlá mẹ́ta bá rọ̀ sórí ilẹ̀ dúdú, ẹṣin ò ní lè kọjá mọ́ títí a ó fi kórè àgbàdo. Ọjọ́ díẹ̀ la ń wá. Àwọn sọ́jà yẹn kì í ṣe ará ibí, amọ̀ yìí ń dẹ́rù bà wọ́n. Bí ọ̀gá wọn bá ṣubú, wọn yóò padà lọ wá ẹlòmíràn. Kí wọ́n tó rí i, òjò ti dé."

"Ọ̀rọ̀ yín dára. Ṣùgbọ́n ogún ṣakabùlà ló wà lọ́wọ́ yín. Kí lẹ fẹ́ fi èyí tó ya lẹ́nu yìí ṣe?"

Àlàgbé wo ilẹ̀. Àgbàlagbà tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì wá ń wá ọ̀rọ̀.

"Ṣakabùlà ń fọ́n ọta káàkiri ni, kì í mọ ẹnìkan yàtọ̀," ó ní. "A ti rí Abọ́dúndé."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Ìyábùnmi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti kọjá tí àwọn sọ́jà ti mú ọmọ rẹ̀ lórí ọ̀pẹ ní Masẹ̀, níbi tó gun igi lọ gbé ẹmu, tí agbè ṣì so mọ́ ìgbànú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó wà láyé.

"Wọ́n ti mọ̀ pé ó mọ ọ̀nà inú ilẹ̀ dúdú. Wọ́n so okùn mọ́ ọn níbàdí, òun ló ń fa ẹṣin òyìnbó. Òyìnbó wà lókè, ọmọ rẹ wà níwájú ẹṣin nísàlẹ̀. Ìbọn tó bá tọ́ yóò gba òkè orí ọmọ rẹ kọjá, yóò bá òyìnbó láyà."

Kò sọ ohun tí ìbọn tí kò tọ́ yóò ṣe.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Ìyábùnmi dì mọ́ ọkọ rẹ̀ lápá.

"Bàbá Abọ́dúndé, ẹ bà á jẹ́. Mo bẹ̀ yín. Ẹ sọ fún wọn pé kò ṣeé tún ṣe."

"Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣakabùlà ni wọn yóò kó lọ. Ogún ṣakabùlà, Ìyábùnmi. Ọmọ rẹ ò ní ṣẹ́kù."

"Ẹ jẹ́ kó má lè yìn rárá, nígbà náà."

"Wọ́n á yìn ín, kò ní dún, wọ́n á tún kó ṣakabùlà." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí iná, ó gbé ìbọn náà lé itan. "Bí mo ṣe é dáadáa, ọmọ mi wà lábẹ́ ọta. Bí mo bà á jẹ́, ọmọ mi wà lábẹ́ ọta. Èyí tó sàn jù nínú ìyà méjèèjì ni mo fẹ́ ṣe."

Ìyábùnmi sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó da èèpo ẹ̀gẹ́ sínú odó, ó mú ọmọ odó, ó sì ń gún un kíkankíkan kí àwọn ará àdúgbò má bàa gbọ́ igbe ayùn. Àwọn kan nínú wọn ń jẹun lọ́wọ́ òyìnbó. Bí ayùn bá dúró, òun náà á dúró. Bí ayùn bá bẹ̀rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Odidi ọ̀sán ọjọ́ kejì ni obìnrin náà fi ń gún ohun tí ewúrẹ́ pàápàá kò ní jẹ.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìdáná rárá. Ògúnsànyà kọ́kọ́ fi ìka wá ibi tí yíya náà parí sí lára irin, ó sún sẹ́yìn níwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ó fi òwú wé e yípo kí ayùn má bàa ṣìnà, ó sì gé e. Ayùn irin tó rà ní Àjàṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kò ní eyín gidi mọ́, ó gé títí apá fi wú u. Ìgbà tí ẹnu tó ya náà já bọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú wo inú ìbọn. Ó rí àwọn ilà tí òyìnbó gbẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n ń lọ́ yípo bí ejò tó ń gun igi. Kò rí irú rẹ̀ rí. Inú ṣakabùlà a máa dán bọ̀rọ́ ni. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn ilà yìí ló ń yí ọta kó tó jáde, àti pé ibi tí ọta ti ń fi ẹnu ìbọn sílẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí apá kan bá tú u sílẹ̀ ṣáájú apá kejì, ọta á yà.

Ó mú ayùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ irin, ó rẹ́ ẹnu náà títí ó fi rò pé ó tẹ́jú. Ó wá wá ohun tí yóò fi tún etí ihò náà ṣe, nítorí ayùn ti fi ẹ̀gún wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Lára àpótí aṣọ Ìyábùnmi ni ó ti rí ìṣó idẹ kan tí orí rẹ̀ rí rogodo. Ó fà á yọ, ó kì í mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ó lọ iyanrìn kúnná, ó fi epo pupa pò ó, ó fi kun orí idẹ náà, ó gbé e lé ẹnu ìbọn, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí igi náà. Ó ń yí i, ó ń dà á síbí, ó ń dà á sọ́hùn-ún, ó ń nù ún wò, ó tún ń kùn ún. Títí oòrùn fi wọ̀ ni. Nígbà tó parí, etí ihò náà ń dán yípo bí òrùka ìyàwó. Ó kan ojú ìbọn, irin kékeré tí ọdẹ fi ń wo ibi tó fẹ́ ta, padà sí ipò rẹ̀ tuntun. Ó ku kí ó yìn ín wò, ṣùgbọ́n ọta ẹyọ kan ṣoṣo yẹn kò ṣeé fi dán an wò.

Ní òwúrọ̀ ọ̀la ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Fábọ̀dé wá gbà á. Nílẹ̀ yìí, alágbẹ̀dẹ kì í fi ìbọn sílẹ̀ láìbúra. Ògúnsànyà fi ahọ́n kan ẹnu irin náà.

"Ògún, ìwọ rí ọwọ́ mi. Bí mo bá mọ àbùkù kan lára ìbọn yìí tí mo fi í pamọ́, irin tí mo ń jẹ lára rẹ̀, kó jẹ mí."

"Àṣẹ," Fábọ̀dé wí. Ó gbé ìbọn náà sínú ìdì igi, ó lọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí alágbẹ̀dẹ bá gé lára ìbọn, ti Ògún ni. Ògúnsànyà mú ẹnu ìbọn tó ya náà lọ sídìí òkúta Ògún níwájú àgbẹ̀dẹ, ó fẹ́ gbé e nàró kó ta epo sí i. Kò dúró. Ó tún un gbé, ó dà gẹ̀rẹ̀. Ó gbé e sókè wo ibi tí ayùn gbà.

Gígé náà dagẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo ọdẹ ilẹ̀ dúdú ti mọ̀, ṣakabùlà a máa ta sókè bó bá dún. Nítorí náà, àwọn alágbẹ̀dẹ wa, láti ọ̀dọ̀ baba ńlá wọn, a máa fi bí fọ́nrán irun dín ètè ìsàlẹ̀ ẹnu ìbọn kù nígbàkigbà tí wọ́n bá gé e, kí ọta lè máa wolẹ̀ bá ẹran, bí omi ṣe máa ń gba ibi tí etí igbá ti kéré dà. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó tún ń rò ó kó tó ṣe é. Ọwọ́ ló ń ṣe é, láti ìgbà tó bá ti ń wé òwú. Ọwọ́ Ògúnsànyà sì ti ń ṣe é láti ogójì ọdún.

Lóòótọ́ ó ti rẹ́ ẹ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ojú tó fi yẹ̀ ẹ́ wò, ojú tó ti ń wo ẹnu ìbọn tó dagẹ̀rẹ̀ láti ogójì ọdún náà ni. Lójú irú ojú bẹ́ẹ̀, èyí tó wọ́ ni yóò jọ èyí tó tọ́. Bí ètè ìsàlẹ̀ bá sì kúrú, ọta náà yóò wolẹ̀. Abọ́dúndé ló wà nísàlẹ̀.

Kò sọ fún Ìyábùnmi. Kí ni kó sọ? Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Láti ilé rẹ̀ dé ọ̀pẹ Masẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin á rìn ín kí oòrùn tó mú. Ògúnsànyà kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin. Ilẹ̀ dúdú gbá a lẹ́sẹ̀ mú, ó fa ẹsẹ̀ yọ, ó tún gbá a mú. Ó la oko ẹ̀gẹ́ tí sọ́jà ti sun kọjá. Ó kọjá ní abúlé kan tí ajá nìkan ṣẹ́kù sí. Ó ń bá orí ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bẹ òjò pé kó rọ̀, òjò kò dá a lóhùn. Nígbà tó fi dé inú ọ̀pẹ, ó ti ń fi ẹnu mí, ó sì ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹṣin lókèèrè.

Fábọ̀dé dojúbolẹ̀ sẹ́yìn ọ̀pẹ tó wó, ewé bò ó. Ògúnsànyà fi àyà wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ìbọn yẹn ń wolẹ̀."

"Ẹ búra."

"Mo búra lórí ohun tí mo mọ̀ láàárọ̀. Mo ti wá mọ̀ sí i. Ọwọ́ mi gé e bí ẹni gé ṣakabùlà. Bó o bá wo òyìnbó, Abọ́dúndé ni yóò bà."

Àwọn sọ́jà ti yọ. Abọ́dúndé ló wà níwájú. Ó ti rù, aṣọ rẹ̀ ti gbó, ó mú ìjánu ẹṣin dání, okùn gba ìbàdí rẹ̀ lọ sọ́wọ́ sọ́jà tó tẹ̀ lé ẹṣin. Àpá kan wà lójú rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀ rí. Ògúnsànyà fẹ́ kígbe orúkọ rẹ̀. Ogún ènìyàn ló sùn sílẹ̀ káàkiri nínú koríko yẹn pẹ̀lú àdá, wọ́n ń retí ìró ìbọn kan ṣoṣo. Bí òyìnbó bá ṣubú, wọn yóò dìde. Bí kò bá ṣubú, àṣẹ Àlàgbé ni pé kí wọ́n sá. Bí Ògúnsànyà bá kígbe, ó pa gbogbo wọn. Ó fi eyín di ètè rẹ̀ mú.

"Kí ni kí n wá wò?" Fábọ̀dé ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá, ẹ dá mi lóhùn, wọ́n ti dé."

Ọdẹ kì í bá alágbẹ̀dẹ jiyàn lórí ẹnu ìbọn. Bí Ògúnsànyà bá ní kó wo ọ̀run, ọ̀run ni yóò wò. Ògúnsànyà mọ èyí, ó sì wúwo lọ́kàn rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ni í fọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo òyìnbó tó ga sókè orí rẹ̀, ó wo imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ kan tó rọ̀ sílẹ̀ lókè fìlà funfun òyìnbó náà, tó fi bí ìka mẹ́rin jìnnà sí i.

"Wo ìdí imọ̀ gbígbẹ yẹn."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Wò ó, Fábọ̀dé. Nítorí Ọlọ́run."

Fábọ̀dé wò ó. Ó mí sínú, ó dúró, ó sì yìn ín.

Ìdí imọ̀ ọ̀pẹ náà já gérégé, gẹ́gẹ́ bí ẹni fi àdá gé e. Imọ̀ náà wó lulẹ̀, ó gbá fìlà kúrò lórí òyìnbó. Ikú tí ìbá pani tó bá ṣíni ní fìlà, ó tó ọpẹ́. Òyìnbó ni yóò dúpẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹṣin rẹ̀ fo sókè, òun dì mọ́ ọrùn rẹ̀, àwọn sọ́jà ti kúnlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn sínú koríko. Àwọn ènìyàn Àlàgbé dúró títí wọ́n fi rí i pé òyìnbó ṣì wà lórí ẹṣin. Lẹ́yìn náà wọ́n sá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pa á láṣẹ fún wọn.

Ògúnsànyà kò sá. Ó ń wo imọ̀ ọ̀pẹ tó wà nílẹ̀. Kò wolẹ̀, ọta náà kò wolẹ̀ rárá. Iyanrìn àti idẹ tó yí títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó ti jẹ gbogbo ìdàgẹ̀rẹ̀ náà kúrò, òun ni kò gbà gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ó jókòó sílé, òyìnbó ìbá ti kú, ọmọ rẹ̀ ìbá wà láàyè lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí àwọn sọ́jà ti rí ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Ta ló mú wọn gba ibí? Ọ̀kan fa okùn, Abọ́dúndé ṣubú sẹ́yìn. Ó ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń sọ fún wọn lédè wa pé òun kò mọ nǹkan kan, pé òun kò mọ̀, wọn kò sì gbọ́ èdè wa. Fábọ̀dé fi ọwọ́ dí ẹnu Ògúnsànyà, ó fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà jà bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa, ó bu Fábọ̀dé jẹ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, Fábọ̀dé kò fi í sílẹ̀. Wọn kò fi ọta ṣòfò lórí Abọ́dúndé. Ọ̀bẹ ẹnu ìbọn ni wọ́n lò.

Lẹ́yìn náà wọ́n tò padà lẹ́sẹẹsẹ. Òyìnbó gba fìlà rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó dé e. Wọ́n gba ọ̀nà Oko-Akarè lọ láìsí ẹni tó ń fà wọ́n, nítorí láti ibẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù.

Ó pẹ́ kí Fábọ̀dé tó gbé ara kúrò lórí Ògúnsànyà. Ó mú ìbọn náà, ó fi etí aṣọ nu amọ̀ kúrò ní ẹnu rẹ̀ dáadáa, bí ó ti yẹ kó ti ṣe ní Tatonnonkon, ó sì gbé e sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Kò bínú. Ìbá sàn ká ní ó bínú.

"Bàbá," ó wí, "ibi tí mo wò ló bà."

"Mo rí i," Ògúnsànyà dáhùn.